Fọ́tò Kò Mọ Olóyè

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá Olóyè Akíndèjì Ládélé gbọ́ oyè rẹ̀ tí wọ́n pè, ẹ má wo ojú rẹ̀. Èjìká ọ̀tún ni kí ẹ wò.

Nathaniel, tó máa ń ṣe ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìwárọ̀-Ọ̀kà, mọ èjìká yẹn bí ẹní mowó. Bó bá ti gba makirofóònù, tó ní, "Àtúnlùúṣe! Bàbá Ìjọ! Jé-Pí!" èjìká á kọ́kọ́ ta kìjí, àyà á wú bíi táyà tí fọkanáísà ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ìkúùkù ọ̀tún á gòkè, orí á sì fì díẹ̀ sẹ́yìn. Olóyè kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní ẹ̀rín ń bu oyè kù. Kódà bí oorun bá gbé e lọ nígbà ìwàásù, tí Nathaniel sì pè é, ìkúùkù ló ń kọ́kọ́ jí kí ojú tó là.

Ọ̀gá ilé-ìwé girama ni kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tó kọ́ ní Ìfira àti ní Ìpè ti ń gbé ọmọ-ọmọ jó báyìí, síbẹ̀ wọn ò gbàgbé ohùn rẹ̀ lórí ìlà láàárọ̀: "Ẹ dúró jẹ́ẹ́! Bí eṣinṣin bá bà lé ẹ nímú, jẹ́ kó sinmi!" Ẹni tó bá mira, ẹgba ni. Olóyè gbà tọkàntọkàn pé ẹni tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ kò lè di nǹkan kan láyé.

Iyán ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òkèlè há sí i láyà, kò lọ sísàlẹ̀, kò sì padà sókè. Nígbà tó rọ́nà mí, ó ti abọ́ sẹ́yìn.

"Ìyá Olúrántí, iyán yìí ní kókó."

Hephzibah ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lòun náà, tẹ iyán náà wò láti ìhín dé ọ̀hún.

"Bàbá Olúrántí, iyán yìí kúnná ju ìwà ẹlòmíì lọ."

Ó tún òmíràn gún lọ́jọ́ kejì. Olóyè ní iṣu ọdún náà ni kò dára. Nígbà tó wá di pé ẹ̀kọ mímu náà ń há, tí agbádá rẹ̀ sì ń fì lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, kò rí iṣu bá wí mọ́. Hephzibah mú un lọ sí ilé ìwòsàn tuntun kan lẹ́yìn ìlú Ìkàrẹ́. Dókítà Ashraf fi ẹ̀rọ wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ títí wọ àyà, ó wá bá wọn jókòó.

"Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Kókó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú iyán ló wà."

Jẹjẹrẹ ni.

Dókítà ní àwọn yóò fi oògùn gbógun tì í, àwọn yóò sì tún fi ìtànṣán jó o, irú èyí tí ojú kì í rí, tí ara kì í sì í mọ̀ nígbà tó bá ń wọlé. Ó ní ìrètí wà dáadáa, nítorí kókó náà kò tíì rìn lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n iwájú ọ̀pá-ẹ̀yìn gan-an ló dúró sí, inú ọ̀pá-ẹ̀yìn yẹn sì ni okùn tó ń rán ẹsẹ̀ níṣẹ́ gbà kọjá. Ibi tí ìtànṣán gbọ́dọ̀ dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé, bóyá ni àárín wọn fi tó ìbú ìka kan.

"Nítorí náà," ni Dókítà Ashraf wí, "a máa ya fọ́tò inú ara yín bí ẹ bá ṣe dùbúlẹ̀ lónìí. Lójoojúmọ́ tí ẹ bá wá, kí a tó tan ìtànṣán, a máa ya òmíràn, a ó gbé e lé ti àkọ́kọ́ lórí. Bí méjèèjì bá bára mu, a bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, a ò ní tàn án rárá."

"Ti fọ́tò kọ́ ni ìṣòro mi," ni Olóyè wí. Òótọ́ ni. Fọ́tò rẹ̀ tó wà ní pálọ̀ wọn l'Ọ́kà kò ṣe é kà tán, ọ̀kan nínú wọn sì ga ju ilẹ̀kùn lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ebi àti ẹ̀rù ti gba gbogbo fáàrí oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ ilé ìwòsàn fún un, èyí tí wọ́n ń so lẹ́yìn, tí kì í fi iyì kankan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tìmùtìmù kan tó tẹ̀ bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu, wọ́n ní kó na ọwọ́ méjèèjì kọjá orí, kó di irin kan mú, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ṣe àmì bíńtín-bíńtín sí i láyà àti níhà. "Bàbá, ẹ máa mí bí ẹ ṣe ń mí," ni dókítà ń sọ. "Bàbá, ó ti tó." Olóyè sùn síbẹ̀ bí àpò gààrí. Wọ́n ya fọ́tò àkọ́kọ́.

Ojú ọ̀nà ni iyì ti padà wá bá a. Inú ọkọ̀ Raheem ni wọ́n wà, awakọ̀ àdúgbò wọn tó ń gbé wọn lọ tó ń gbé wọn bọ̀. Wọ́n ti kọjá Akùngbá kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá Olúrántí, ṣé o gbọ́ ohun tí dókítà yẹn ń pè mí?"

"Bàbá ló ń pè yín."

"Bàbá! Bàbá lásán! Bí ẹni ń pe ẹni tó ń ṣọ́ géètì."

"Ṣé ẹ kì í ṣe bàbá ni?"

"Bàbá ni mí. Ṣùgbọ́n bàbá wo?"

Raheem, tí ẹnikẹ́ni ò bi, dá sí i níwájú. "Ẹ̀yin tiẹ̀ rí bàbá gbà, sà. Èmi, 'Ìwọ ọlọ́kọ̀ yẹn' ni wọ́n ń pè mí."

Olóyè tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa.

Nígbà tí ìtọ́jú gan-an máa bẹ̀rẹ̀, ó mú káàdì rẹ̀ dání, èyí tí orúkọ àti oyè orí rẹ̀ ń dán bíi góòlù, ó sì fi lé Zipporah lọ́wọ́. Zipporah ni òṣìṣẹ́ tó ń darí ẹ̀rọ ìtànṣán náà, ọmọ Ìpè, obìnrin tó gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ yé, tí kì í sì í fi àgbà ṣeré.

"Ẹ kú àárọ̀, sà," ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Bàbá mi ní ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn níwèé. Wọ́n ní ẹ nà wọ́n dáadáa."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Abọ́dẹrìn, sà."

"Abọ́dẹrìn! Kì í dúró jẹ́ẹ́ lórí ìlà!" Inú Olóyè dùn. "Ọmọ mi, ohun tó wà lórí káàdì yìí ni wọ́n ń pè mí. Má jẹ́ kí dókítà yín kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń pèèyàn ní bàbá lásán o."

Zipporah há a sórí kíákíá. Ó tẹ́ Olóyè síbi tó yẹ, iná tín-ín-rín tó ń wá láti ara ògiri bọ́ sórí àwọn àmì ara rẹ̀ géérégé, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn ńlá, ó lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní yàrá kejì. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò lè ṣàdédé jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí àgbàlagbà po láìkí i. Ó tẹ bọ́tìnnì makirofóònù.

"Àtúnlùúṣe! Bàbá Ìjọ! Jé-Pí! Ẹ kú ìrọ̀jú o, sà. Ẹ má mira, a fẹ́ ya fọ́tò."

Ojú rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rọ yí Olóyè po wúúú. Fọ́tò jáde. Zipporah gbé e lé ti àkọ́kọ́ lórí, eegun ẹ̀yìn di méjì-méjì bí ìlà tí ọ̀mùtí fà sára ògiri.

Ó wọlé, ó tún Olóyè tẹ́, ó jáde, ó kí i. Fọ́tò tún kọ̀. Ó pe Dókítà Ashraf. Dókítà wò ó, ó mi orí, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kejì, bákan náà ló rí.

"Ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́," ni Olóyè wí.

"Kò bàjẹ́, sà," ni Zipporah dáhùn. "Ọmọláńgidi oníke kan wà tá a fi ń dán an wò láràárọ̀. Fọ́tò tirẹ̀ bára mu."

"Ẹ wá ń fi mí wé ọmọláńgidi!"

"Òun máa ń dúró jẹ́ẹ́ ni, sà," ó rọra sọ ọ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, kókó inú àyà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nìkan ló kù tó ń gba ọ̀fun Olóyè kọjá, ìyẹn náà díẹ̀díẹ̀. Hephzibah ń wo ọrùn tó ti tín-ín-rín nínú ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀rù ń bà á.

"Ẹ fi ti fọ́tò sílẹ̀," ni Olóyè wí fún dókítà. "Mo mọ ibi tí ara mi wà. Ẹ tan ìtànṣán yín bẹ́ẹ̀, kí n máa lọ sílé mi."

"Bàbá, mi ò lè ṣe é. Bí mo bá di ojú tàn án, ẹ lè rí iyán gbé mì, kí ẹ má lè rìn dé ìdí rẹ̀."

"Nígbà náà, mi ò wá mọ́. Ẹ̀rọ tí kò lè dá mi mọ̀, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Hephzibah kò bá a jiyàn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ Raheem, ó ní, "Èmi ń lọ Ìkàrẹ́ o. Bó bá wù yín, ẹ jókòó sílé, kí n bá yín gba ìtọ́jú náà wá." Olóyè dúró lójú ọ̀nà, ó wò ó títí. Níkẹyìn ó wọ ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kùn.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Hephzibah tẹ̀lé Zipporah lọ sídìí kọ̀ǹpútà.

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n dúró tì ẹ́. Mo ti ń wo ọkùnrin yìí láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú láìkùn ún."

Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, tó ń fi aláìsàn hàn níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Zipporah kì í ṣàìwò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń kí Olóyè lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà tó ń tò fún fọ́tò ló máa ń wò, nígbà tó bá sì fi máa bojú wo tẹlifíṣọ̀n, Olóyè á ti gan pa síbẹ̀ bí ère. Hephzibah kò ní kọ̀ǹpútà tó ń tò. Tẹlifíṣọ̀n ló ń wò nígbà tí oyè ń lọ lórí makirofóònù, ó sì ki ọwọ́ bọ ẹnu.

"Ọmọ mi, dúró ná. Ìwọ gan-an lò ń gbé e dìde."

"Báwo, mà?"

"Tún oyè yẹn pè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n ni kó o wò."

"Àtúnlùúṣe!"

Èjìká ta kìjí.

"Bàbá Ìjọ!"

Àyà wú.

"Jé-Pí!"

Ìkúùkù tó di irin mú fẹ́ fa irin tu, orí sì fì sẹ́yìn lórí tìmùtìmù.

"Yéè!" Zipporah di orí mú. "Mà, èmi ni mo ń ba iṣẹ́ ara mi jẹ́?"

"Ìwọ kọ́. Ilé rere ni wọ́n ti tọ́ ẹ. Òun náà, bó ṣe ń dá ẹ lóhùn nìyẹn. Pè é ní Bàbá lásán wò."

"Bàbá?"

Gbogbo atẹ́gùn inú táyà jáde. Ṣùgbọ́n ojú Olóyè korò, ó sì yí ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn láti wo ẹni tó láyà tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n mú un jáde, Dókítà Ashraf sì fi fọ́tò méjèèjì hàn án lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí ìkejì. Ti àkọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé, tòní pupa. Ó ṣàlàyé gbogbo ohun tí Hephzibah rí. Olóyè wọ awò rẹ̀, ó wò ó pẹ́, bó ṣe máa ń wo ìwé ìdánwò tí àwọn ọmọ jọ dà kọ.

"Aláwọ̀ ewé yìí ńkọ́?"

"Bàbá tó wá síbí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, sà."

"Pupa yìí?"

"Àtúnlùúṣe ni."

Hephzibah wolẹ̀. Zipporah wo òkè àjà. Olóyè bọ́ awò rẹ̀.

"Nínú àwọn méjèèjì, ara ta ni kókó wà?"

"Ara Bàbá, sà."

"Ẹ jẹ́ ká tọ́jú Bàbá nígbà náà," ni Olóyè wí. "Àtúnlùúṣe á dúró níta."

Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ àti fìlà lé Raheem lọ́wọ́. "Bá mi di oyè yìí mú. Mò ń bọ̀."

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Oyè tó ti wọnú ara kì í bá ìlẹ̀kẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tún un tẹ́, wọ́n jáde, Zipporah sì pa ẹnu mọ́, kò kí i. Olóyè ń retí. Àyà rẹ̀ ń retí. Ara tó ti mọ́ kíkí kò mọ ohun tó máa fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe. Ó gbé orí sókè.

"Ṣé ẹ ti lọ ni?"

"A wà níbí, sà. A ń yàgò fún kíkí yín ni."

Ó gbé orí padà sórí tìmùtìmù. Ohùn rẹ̀ wá láti inú yàrá náà, kò le bíi ti tẹ́lẹ̀. "Pè mí ní Dèjì."

"Ha! Èmi kẹ̀? Sà, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá mi á lé mi jáde nílé."

"Mo ní kó o pè mí!"

"Ẹ máa bínú, sà. Ẹnu mi ò gbà á."

Hephzibah ló na ọwọ́ sí makirofóònù. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, orúkọ yẹn kò tíì gba ẹnu rẹ̀ jáde rí. Kó tó bímọ, "Ẹ gbọ́" ló ń pè é. Lẹ́yìn náà ó di Bàbá Olúrántí. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń pè é ní Dèjì, ìyẹn ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti sùn ní ibojì l'Ọ́kà tipẹ́. Ó rántí ìyá yẹn lórí àpótí ìwẹ̀, ó gbé Olúrántí sórí itan, kànrìnkàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì.

"Dèjì. Dúró jẹ́ẹ́. Ọṣẹ á bọ́ sí ẹ lójú."

Lórí tẹlifíṣọ̀n, Olóyè lajú sílẹ̀ gbàgà. Ó wá di ojú náà, ó dì í mọ́ra pinpin, bíi pé ìfófòó ti ń ṣàn bọ̀ níwájú orí. Èjìká rọ̀ sílẹ̀. Àyà sinmi. Ìkúùkù tú, àwọn ìka sì di irin mú jẹ́jẹ́ bí ọmọ ṣe ń di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

Ẹ̀rọ yí i po. Fọ́tò jáde. Zipporah gbé e lé ti àkọ́kọ́, eegun bọ́ sórí eegun bí ọmọrí ṣe ń bo ìkòkò tirẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ tí Dókítà Ashraf fi ní, "Ẹ tàn án."

Nígbà tí ó parí, Zipporah ní, "A ti ṣe tán, sà. Ẹ lè gbéra." Olóyè kò dìde kíá. Wọ́n rò pé oorun ló gbé e lọ. Oorun kọ́.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n dé Etioro, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Olúrántí, ta ló sọ ti ọṣẹ fún ọ?"

"Ìyá yín ni. Wọ́n ní nínú gbogbo ọmọ tí àwọn bí, ẹ̀yin nìkan ni kì í dúró jẹ́ẹ́ nídìí ìwẹ̀."

Raheem bú sẹ́rìn-ín. Olóyè fẹ́ fi ojú bá a wí, ṣùgbọ́n ọrùn Raheem ni ìlẹ̀kẹ̀ wà, ó ti gbàgbé láti bọ́ ọ. Ẹni tó wọ oyè kò ṣe é bá wí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, títí ìtọ́jú fi parí. Lójoojúmọ́, Àtúnlùúṣe ń dúró de Bàbá nínú ọkọ̀. Lójoojúmọ́, Hephzibah ń sọ ti ọṣẹ. Lójoojúmọ́, fọ́tò ń jẹ́rìí kí ìtànṣán tó tàn. Ọ̀fun kọ́kọ́ dun Olóyè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, dókítà sì ti kìlọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Lẹ́yìn náà ni omi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀kọ tẹ̀lé e. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún fi ẹ̀rọ wo inú àyà rẹ̀, Dókítà Ashraf sì ní àwọn ò rí kókó náà mọ́. Ó ní kó máa wá fún àyẹ̀wò lóòrèkóòrè, ká má fojú di ọ̀rọ̀ náà. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Olóyè fi rìn jáde, ó rìn yí ọkọ̀ Raheem po lẹ́ẹ̀kan kó tó wọlé, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ dé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará ilé ìwòsàn Ìkàrẹ́ wá. Zipporah wà lẹ́yìn pẹ̀lú Abọ́dẹrìn bàbá rẹ̀, tó jókòó láìmira, torí pé ó rí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ níwájú. Nathaniel ti ń pa ohùn mọ́ fún ọjọ́ náà láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba makirofóònù.

"Àtúnlùúṣe!"

Èjìká kò mì.

Nathaniel rò pé makirofóònù ni. Ó gbá a. "Bàbá Ìjọ! Jé-Pí! Erin tí í mi igbó kìjikìji!"

Olóyè di ojú, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó jókòó jẹ́ẹ́. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó ń mí ṣáá. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Ìyá kan ní ẹ̀yìn ní, "Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe é?" Ẹ̀rín ń pa Zipporah, ó fi aṣọ ìnujú bo ẹnu.

Hephzibah sọ ọ́ sí i létí. "Wọ́n ti ṣe tán. Ẹ lè gbéra."

Olóyè dìde. Ó gba makirofóònù lọ́wọ́ Nathaniel, gbogbo èèyàn sì fara balẹ̀ fún ọ̀rọ̀ gígùn, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni ó wí. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà àti àwọn ọmọ yìí, tí wọ́n kọ̀ láti fọwọ́ kàn mí títí wọ́n fi rí mi. Mo fẹ́ kí wọ́n di ojú ṣe é. Wọ́n kọ̀." Ó yíjú sí Hephzibah. "Ẹni tó tún gbà mí là wà nílé mi, ó mọ orúkọ mi, mi ò sì mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n." Ó jókòó.

Nígbà tí wọ́n délé, Hephzibah gbé iyán sílẹ̀. Olóyè bu òkèlè, ó wò ó, ó gbé e sẹ́nu. Òkèlè náà lọ. Kò dúró níbì kankan lọ́nà.

"Ìyá Olúrántí, iyán yìí kúnná."

"Àtúnlùúṣe!" ni Nathaniel ké láti ẹnu ọ̀nà, tí kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ẹ jẹ́ kó lọ, sà!"

Èjìká ọ̀tún ta kìjí díẹ̀. Ìka tó mú òkèlè kejì fẹ́ gòkè.

"Dèjì," ni Hephzibah wí, ohùn kò le rárá.

Èjìká rọ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ padà sínú ọbẹ̀.